Jíìpù Tó Ga Jù fún Bàbá

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọkọ tí kì í jáde nílé ni ọkọ tó dáa. Errol ọkọ mi kì í jáde. Ilé ló wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, àmọ́ abẹ́ jíìpù ló wà. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn, bàtà rẹ̀ méjèèjì tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ ni mo ń bá sọ ọ́.

"Errol, ṣé wàá jẹun?"

Bàtà á mì díẹ̀. "Ó kù díẹ̀, Verna."

"Ó kù díẹ̀" yẹn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òtútù dé, kò sì tán títí ooru fi padà. Abà páànù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Mareeba, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìgékoríko la máa tọ́jú síbẹ̀, ti di ilé ìwòsàn ọkọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bá irin sípíríńgì lórí fìríìsà mi. Mo fa aṣọ ìnuwọ́ mi tó dáa yọ, gíríìsì ti kùn ún dúdú. Mo pariwo títí ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Àmọ́ mi ò lè ní kó dáwọ́ dúró, torí bàbá mi ló ń tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Ọ̀dọ̀ wa ni Bàbá ń gbé láti ìgbà tí ìgbáròkó rẹ̀ ti bàjẹ́. Ambrose lorúkọ rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, òun ni olórí àwọn tó ń da màlúù ní oko ńlá Kilmory, lókè lọ́hùn-ún, ní òdìkejì odò Hanlon. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà la sì sin màmá mi sí, lábẹ́ igi kan tí òun fúnra rẹ̀ gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ mọ igi náà. Òun ni èyí tí ewé rẹ̀ rí wẹ́wẹ́, tí òdòdó rẹ̀ pupa bí iná, tí èso rẹ̀ máa ń gbẹ tí àwọn ọmọdé á máa mì í ṣẹkẹṣẹkẹ. Wàhálà igi yẹn ni pé kì í tanná àfi bí òjò bá ti fẹ́ dé. Bí òjò bá sì dé, odò Hanlon á kún, ọ̀nà á dí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí òdòdó Màmá, àárín kékeré yẹn ló gbọ́dọ̀ bá a.

Bàbá kò ní ọdún tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kú o, ẹ̀mí bàbá mi yi bí awọ. Ojú rẹ̀ ló ń lọ. Ó ń ṣú bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, títí tó fi kù fún un bíi kó máa yọjú wo ayé láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ojú ní Cairns sọ fún wa láìfepo bọyọ̀ pé èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà kò sì ní pẹ́ lọ. Èmi ń nu ojú mi. Bàbá ní tirẹ̀ gbé àkẹtẹ̀ rẹ̀ dé orí.

Ó ní, "Ó dáa. Mo ṣì ń rí ohun pupa. Verna, gbé mi lọ wo igi ìyá rẹ."

A kúkú ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Lọ́dún tó ṣáájú, a wakọ̀ dé odò Hanlon, a la omi kọjá, ó wá ku gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta tí a máa fi jáde ní òdìkejì. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti kọ̀. Táyà ẹ̀yìn kan ń yí lásán, ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń ju òkúta, títí ikùn jíìpù fi jókòó lórí àpáta bí adìyẹ tó sàba lẹ́yin. Ọkùnrin kan tó ń fi katakata tún ọ̀nà ṣe ló fi ṣéènì wọ́ wa padà sẹ́yìn. Bàbá kò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Nígbà tó wá lanu, ohun tó sọ ni pé, "Ọ̀gbẹ́ni Fi-Géètì-Sílẹ̀ ti tún ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Nígbà tí Errol wà lọ́dọ̀ọ́, ó ti ìgboro wá ṣe iṣẹ́ darandaran lábẹ́ Bàbá ní Kilmory, ibẹ̀ ló ti rí mi. Lọ́jọ́ kan, bóyá torí pé èmi ni ojú rẹ̀ ń wò, ó gba géètì kan kọjá, kò tì í. Àwọn ọmọ màlúù tí wọ́n ti gbà lẹ́nu ọmú sáré padà sọ́dọ̀ ìyá wọn, gbogbo wàhálà tí wọ́n ṣe di asán. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fi géètì sílẹ̀, ó sàn kó jalè. Errol ti fẹ́ mi, mo ti bímọ fún un, orí rẹ̀ ti pá, síbẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Fi-Géètì-Sílẹ̀ ni lẹ́nu Bàbá. Òun náà kò sì yéé pe Bàbá ní Ọ̀gá.

Lọ́jọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, Errol dúró níwájú Bàbá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, odò yẹn kò tún ní dá wa padà mọ́. Ẹ máa rí igi yẹn. Mo búra."

Bàbá ní, "Má búra. Tún ọkọ̀ ṣe."

Bó ṣe wọ abẹ́ jíìpù nìyẹn.

Nino, ọmọ ilé Zappala tí oko wọn pààlà pẹ̀lú tiwa, ló ń bá a ṣe é. Àwọn bàbá bàbá Nino ti Ítálì wá gbin tábà, òun ń gbin máńgòrò, àmọ́ kí a sọ òótọ́, ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì ló ń gbìn. Àwọn méjèèjì tú ìdí jíìpù palẹ̀. Wọ́n ṣí irin tó wà láàrin àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n yọ inú rẹ̀, wọ́n fi òmíì síbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí Errol bá tẹ bọ́tìnnì pupa kan níwájú sítíárìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì á di ara wọn mú, wọ́n á jọ máa yí, ìkan kò ní lè máa ṣeré kí èkejì máa wòran. Wọ́n pààrọ̀ gíà, kí ọkọ̀ lè máa rá díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ́ńjíìnì kú. Títí débẹ̀, mi ò ní ẹjọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ wá dórí sípíríńgì. Ẹ wò ó, ohun tó bá wu ẹni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Errol ní àpáta kò tún gbọ́dọ̀ fojú kan ikùn ọkọ̀ òun láéláé. Ó yọ àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀, ó jù wọ́n sẹ́yìn abà, àwọn adìyẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí wọn. Ó ra àwọn tó nípọn tó sì tẹ̀ kọdọrọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì gígùn tẹ̀ lé e. Ó tún ra táyà tó ga dé ìbàdí mi. Ó pààrọ̀ ọ̀pá búréèkì torí èyí tó wà ńlẹ̀ kò gùn tó mọ́. Ojoojúmọ́ ni jíìpù ń ga. Ojoojúmọ́ ni Errol ń wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ láìtẹ̀ba, tó ń jáde ní òdìkejì, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Verna, wá wò ó! Àgùntàn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá!"

Mo ní, "Àgùntàn dà? Ṣé a ní àgùntàn?"

Ìkùukùu wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara jọ lọ́sàn-án. Ooru mú débi pé àwọn ajá kò gbó àlejò. Ọkùnrin tó ń ṣàkóso Kilmory báyìí fi fóònù sọ fún wa pé igi ẹ̀yìn ilé ìdáná ti ń yọ òdòdó, pé kò sí ẹni tó ń gbé ilé àtijọ́ yẹn, kí a máa bọ̀, pé ohun kan ṣoṣo tí òun bẹ̀ wá ni kí a ti géètì. Rédíò náà ní òjò àkọ́kọ́ kò ní pẹ́ já. Mo ṣe búrẹ́dì ẹlẹ́ran, mo rọ tíì sínú fláàsìkì, mo fi kéèkì èso sí i.

Bàbá wọ ẹ̀wù tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ fúnra rẹ̀ jáde. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ jíìpù. Ó na ọwọ́ láti wá ibi tí wọ́n ń dì mú. Ọwọ́ rẹ̀ kan táyà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣì ń kan táyà. Ó tún gbé e sókè.

Ó béèrè pé, "Ilẹ̀kùn dà?"

Háà. Èmi, Errol, àti Nino tó wá sin wa, a wo ara wa. Pákó ìtẹ̀sẹ̀ jíìpù ga ju orúnkún Bàbá lọ fíìfíì, ìgbáròkó rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ga ju àtẹ̀gùn ilé wa lọ.

Errol sáré gbé àpótí oníke tí wọ́n fi ń kó mílíìkì wá. "Ọ̀gá, ẹ tẹ èyí."

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ náà dúró lágbede méjì. Mo rí i tó di eyín mọ́ra. Ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Nígbà tó yá, òógùn bo ọrùn ẹ̀wù tó lọ̀.

Nino, orí ẹ̀ ò pé rárá, ó ní, "Ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹ́ńjíìnì ṣì wà nínú abà, a lè rọra..." Mo wò ó. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín, Ọ̀gá," ni Errol wí.

"Pọ̀n ìyàwó rẹ," ni Bàbá dá a lóhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Kò bínú, ìyẹn ló tún dùn mí jù. "Errol, géètì mélòó ló wà láti títì ńlá dé Kilmory?"

"Wọ́n pọ̀, Ọ̀gá."

"Ta ló máa ṣí wọn?"

"Verna á ṣí wọn."

"Ẹ̀yìn ni Verna máa jókòó sí. Ẹni tó bá wà lẹ́bàá fèrèsé níwájú ló ń ṣí géètì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ. Bí mo bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé tí mi ò lè sọ̀ kalẹ̀, tí mi ò lè padà gòkè, a jẹ́ pé ẹrù ni mí. Kí ni ẹrù fẹ́ fi òdòdó ṣe?"

Ó yí padà, ó wọlé lọ. A gbọ́ tó fi àkẹtẹ̀ rẹ̀ kọ́ sára ìṣó.

Mo yíjú sí Errol. Ìbínú tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà òtútù, gbogbo rẹ̀ ló tú jáde. "Ta lo ń ṣe ọkọ̀ yìí fún? Mo ní ta lo ń ṣe é fún? O wọn odò, o wọn àpáta, o wọn táyà. Ṣé o wọn ẹsẹ̀ Bàbá? Ọjọ́ wo lo pè é pé kó wá gun ún wò? Àṣejù, baba àṣetẹ́! Ọkọ̀ ga tó ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó lè wọ̀ ọ́!"

Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó jókòó sórí àpótí mílíìkì náà, ó fi ọwọ́ bo orí rẹ̀ tó pá. Ó ní, "Verna, bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ikùn rẹ̀ lè tún jókòó lórí àpáta. O kò rí ojú Bàbá lọ́jọ́ yẹn bí? Mi ò lè tún gbé ojú yẹn padà wálé."

Ẹkún gbọ̀n mí. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn Bàbá. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi tó fi gbàgbé pé ènìyàn ni, pé ó ní ẹsẹ̀ àti ìgbáròkó.

Mo ní, "Errol mi, lọ́jọ́ yẹn, ṣé gíga ni kò ga tó ni, àbí táyà kan tó ń yí lásán ló gbẹ́lẹ̀ títí tó fi jókòó?"

Ó ronú. Nino tó dúró sí kọ̀rọ̀ fi ọwọ́ pa àgbọ̀n. "Táyà ló gbẹ́lẹ̀," ni Nino wí. "Ìyẹn sì ni bọ́tìnnì pupa wà fún, ọ̀rẹ́."

Errol gbé ojú wo ìkùukùu. Ó dìde. Ó lọ sẹ́yìn abà, mo sì gbọ́ igbe adìyẹ, torí ó ń lé wọn kúrò lórí sípíríńgì àtijọ́.

Nino ní, "Páálí bíà kan ni mo gbà láti gbé e sókè. Páálí kan ni mo máa gbà láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé e sókè, ẹ pè mí."

Mo sọ fún un pé tí kò bá gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀ kíákíá, orí rẹ̀ ni màá fọ́ páálí náà mọ́.

Sípíríńgì, ṣọ́ọ̀kì àti táyà tí wọ́n fi gbogbo ìgbà òtútù tò, ọjọ́ kan ni wọ́n fi tú wọn, bọ́tìnnì pupa àti gíà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Èmi náà wọ abẹ́ ọkọ̀, mo di sípánà mú fún wọn, mo fi òróró ẹ̀rọ pa irun. Nọ́ọ̀tì kan kọ̀ kò tú, Errol sọ̀rọ̀ sí i tí mi ò lè tún sọ níbí. Ààrá ń kùn lókèèrè, lápá òkun. Nígbà tí ariwo òòlù pọ̀, Bàbá jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó dẹ etí.

"Kí lẹ tún ń bàjẹ́?"

Errol ní lábẹ́ ọkọ̀, "Mò ń dá sípíríńgì àtijọ́ padà, Ọ̀gá. Kí ẹ lè ṣí géètì."

Mo rí Bàbá tó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ó wá ní, "Ẹ fi gíríìsì sí i kó má baà máa dún." Ó wọlé, ó sì gbé tíì jáde fún wa. Èyí tó dà sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tó kù nínú ife lọ, àmọ́ a mu ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá tún jáde pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn, ó rí i. Ó kẹ̀yìn sí ìjókòó, ó fi ìdí jókòó, ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wọlé, ó jan ilẹ̀kùn pa. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́.

"Kí lẹ ń dúró dè?" ni ó béèrè.

Ara tù mí débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè bí ọmọdé. Mo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ láàrin àpótí oúnjẹ àti jáàkì, a gbéra.

Bí a ti kúrò lórí títì ńlá ni géètì bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dé ọ̀kan, Errol á dúró. Bàbá á ṣílẹ̀kùn, á rọra sọ̀ kalẹ̀, á fi ọwọ́ tẹ̀ lé ara ọkọ̀ títí dé iwájú, á wá na ọ̀pá rẹ̀ síwájú títí a ó fi gbọ́ kó! lára irin. Á wá ṣéènì, á tú u, á ṣí géètì. A ó kọjá. Á tún tì í, á mì í wò lẹ́ẹ̀mejì, á sì padà wá gòkè. Ó ń pẹ́ o. Kí n má purọ́, ó ń pẹ́ gan-an, ìkùukùu sì ń dúdú lẹ́yìn wa. Errol kò fun fèrè, kò mí kanlẹ̀. Ó kàn ń wo iwájú, ó ń fi ìka lu sítíárìn jẹ́jẹ́.

"Ará ìgboro," ni Bàbá máa ń wí bó bá ti jókòó, "géètì wà ní títì."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá."

"Mo ní kí n sọ fún ọ ni. Bóyá o kò rí irú ẹ̀ rí."

Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ta ara wọn bọ̀ nìyẹn, tí mò ń jẹ kéèkì lẹ́yìn, títí a fi dé odò Hanlon.

Omi kò tíì kún. Ó ṣì mọ́, ó rọra ń lọ lórí òkúta. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ burúkú yẹn wà ní òdìkejì, ó ń wò wá. Errol dúró. Jíìpù tiwa yìí, ti ayé àtijọ́ ni. Kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tó lè bá ti ẹ̀yìn fà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ fi ọwọ́ yí ohun kékeré kan láàrin táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ á yí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni ẹ̀bá fèrèsé á yí ti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Errol sọ̀ kalẹ̀, ó yí tirẹ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Mo rí Errol tó fẹ́ yí ká lọ bá a, mo na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, mo gbá a léjìká mú. Kò lọ.

A wọ omi. Omi dé ìtẹ̀sẹ̀, ó ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Imú ọkọ̀ kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó gòkè, ó gòkè sí i, òkúta sì yẹ̀ lábẹ́ táyà. Jíìpù yọ̀ padà díẹ̀. Errol tẹ búréèkì. A dúró báyìí, ìdí nínú omi, imú lókè, níbi tí a há sí lọ́dún tó ṣáájú gan-an. Mo gbàdúrà. Èmi tí mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ pípẹ́, mo gbàdúrà.

Errol rọra béèrè pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ yí ti ọ̀dọ̀ yín dé ibi tó yẹ?"

Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó na àwọn ìka náà, gbogbo wọn rí kókókókó bí gbòǹgbò.

Ó ní, "Ojú mi ló ń fọ́, Errol. Ìka mi kò fọ́."

Orúkọ rẹ̀ ló pè é. Kò pè é ní ará ìgboro, kò pè é ní Fi-Géètì-Sílẹ̀. Errol wo ojú mi nínú díńgí. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ sínú omi lọ wò ó, ẹnikẹ́ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó fi gíà tó kéré jù sí i, ó tẹ bọ́tìnnì pupa, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búréèkì.

Jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Kò sáré, kò ju òkúta. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jọ ń yí, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpáta wá kan ikùn rẹ̀. Kríììì! Eyín ro mí. Mo ní ó tán. Ẹsẹ̀ iwájú apá ọ̀dọ̀ Bàbá di ilẹ̀ mú, ó fà wá, imú ọkọ̀ wálẹ̀, a sì bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Mo pariwo! Mo gbá wọn lẹ́yìn àwọn méjèèjì, mo fi ẹnu ko orí Errol tó pá. Gbogbo òtútù yẹn, gbogbo gíríìsì ara aṣọ ìnuwọ́ mi, mo dárí jì í lójú ẹsẹ̀.

"Kò burú," ni Bàbá wí.

Errol yíjú sí mi, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti mọ bàbá mi, kò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ó wá ku géètì kan, èyí tó wọ ọgbà ilé àtijọ́. Àwọn igi kan ṣú bo ọ̀nà níbẹ̀, ènìyàn kò lè rí ilé látinú ọkọ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀pá rẹ̀ kan irin. Ó tú ṣéènì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í taari géètì, ó ń bá a lọ títí géètì fi ṣí tán. Ó wá dúró. Ó gbé orí sókè, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń wá nǹkan pẹ̀lú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yẹn. Orí náà dá dúró síbì kan.

"Ó ti tanná," ni ó wí.

Àwa kò tíì rí nǹkan kan. Errol wakọ̀ gba ẹnu géètì kọjá, igi yẹ̀ lójú wa, mo sì rí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ẹ̀yìn ilé ìdáná pupa yòò, ó bo òrùlé páànù, ó ti já sílẹ̀ bo ilẹ̀ níbi tí Màmá wà. Mo bú sẹ́kún.

Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa kọjá. Kò gòkè. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ lọ, kò yára, àmọ́ kò dúró, ó dojú kọ ibi pupa yẹn, ó ti ṣí àkẹtẹ̀ dání. Kò wẹ̀yìn rárá.

Errol wo ojú díńgí. Ó wo Bàbá tó ń lọ. Ó tún wo díńgí. Géètì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn wa, ṣéènì rẹ̀ ń mì.

Ó yọ orí lójú fèrèsé. "Ọ̀gá! Ẹ fi géètì sílẹ̀ o!"

Bàbá kò yí padà. Ó kàn gbé àkẹtẹ̀ sókè, ó fì í lẹ́ẹ̀kan.

"Bá mi tì í, ọmọ mi," ni ó wí.

Errol sọ̀ kalẹ̀, ó lọ tì í. Ó fi ṣéènì kọ́ ọ, ó mì í wò lẹ́ẹ̀mejì.